Ògiri Tó Ń Gbóná ní Ìkòròdú: Ohun Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń torí ẹ̀ pè mí ni: "Ẹńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo AC yìí, kò mú yàrá tutù mọ́." Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa wọn gáàsì, gáàsì á pé. Mo máa fọ fítà, mo máa wo kọ̀npírẹ́sọ̀, ìyẹn mọ́tò tó ń fún gáàsì kiri, kò ní sóhun tó ṣe é. Ìgbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ògiri kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ògiri ni aláìsàn, AC kàn ń jìyà ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè lórí bí a ṣe lè dènà ooru tó ń gba ògiri wọlé ti ń rọ́ wá sórí WhatsApp mi, ọ̀kan náà ló sì ń pọ̀ jù nínú wọn. Mo kó wọn jọ síbí kí àtàǹpàkò mi lè sinmi.

Kí ló dé tí yàrá mi fi máa ń gbóná ju ìta lọ lálẹ́?

Ògiri yín ló ń san gbèsè oòrùn ọ̀sán. Búlọ́ọ̀kù kì í ta oòrùn nù. Ńṣe ló máa ń mu ún díẹ̀díẹ̀, bí gààrí ṣe ń mu omi. Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri láti aago mẹ́ta ọ̀sán kò ní í yọ sínú yàrá lójú ẹsẹ̀. Ó máa gbà á ní wákàtí mélòó kan kó tó la búlọ́ọ̀kù náà já. Ìgbà tí ẹ bá jẹun alẹ́ tán, tí ẹ ń wá ibùsùn lọ, ìgbà náà gan-an ló ń wọlé. Níta, atẹ́gùn ọ̀sà ti fẹ́, ilẹ̀ ti tutù. Nínú ilé, ẹ wà láàárín ààrò.

Ìyá Ìbejì kan ní Ìgbógbó ló là mí lójú. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. AC 1.5HP ti ń ṣiṣẹ́ láti aago méje, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti sá kúrò ní yàrá, wọ́n na gbalaja sórí táìlì pálọ̀. Mo wọn gáàsì, ó pé. Mo wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó wà lẹ́yìn ibùsùn. Ó gbóná bíi búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti béékìrì. Mo gbé e lé ògiri kejì tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tutù bí ẹ̀gbẹ́ àmù. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ wá fọwọ́ kàn án." Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n yára yọ ọ́, wọ́n ní, "Áà, Ẹńjíníà, ṣé wọ́n dáná sẹ́yìn ògiri yìí ni?"

Lẹ́yìn ògiri náà, ìta gbalasa ni, kò sí igi kan. Wọ́n fi ọ̀dà tẹ́síkóòtù aláwọ̀ kọfí kùn ún láti òkè délẹ̀, ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gan-an. Kò sí AC tó fẹ́ jà pẹ̀lú ìyẹn tí kò ní í rẹ̀.

Wọ́n ní kí n wọṣọ fún ògiri, kí n fi fóòmù bò ó. Ṣebí àwọn òyìnbó tí òtútù ń mú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ lọ sí Ẹ̀bútè ní àárọ̀, kí ẹ wo àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Inú àpótí fóòmù funfun ni wọ́n ń kó yìnyín sí. Fóòmù yẹn kò mọ̀ bóyá òtútù ni wọ́n ní kó ṣọ́ tàbí ooru. Ohun tó mọ̀ ò ju pé kí èyí tó wà nínú wà nínú, kí èyí tó wà níta wà níta. Ooru máa ń ti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré. Ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, ó ń ti inú ilé jáde. Níbí, ó ń tìta wọlé. Iṣẹ́ kan náà ni fóòmù ń ṣe ní ibi méjèèjì.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe ike. Fóòmù kún fún ihò tíntìntín tí afẹ́fẹ́ inú wọn kò ráyè rìn, afẹ́fẹ́ tí kò bá sì rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ooru kọjá. Kí ẹ lè mọ bó ṣe lágbára tó: fóòmù oní-ínǹṣì méjì péré ń dí ooru lọ́nà tó ògiri sìmẹ́ǹtì tó nípọn ju mítà kan lọ. Ta ló fẹ́ mọ ògiri onímítà kan ní púlọ́ọ̀tì ààbọ̀?

Ibi tí ọ̀nà tiwa ti yàtọ̀ sí ti òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin. Mo máa dé orí ìyẹn, torí ó ti jẹ mí níyà rí.

Ṣebí ihò wà nínú búlọ́ọ̀kù náíǹ-ínǹṣì. Ṣé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kò tó ni?

Kò tó. Ihò yẹn tóbi, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń yí po, ó ń gbé ooru láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Àwọn egungun búlọ́ọ̀kù tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn náà tún wà níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fẹ́ ni wọ́n jẹ́ fún ooru. Bí ẹ bá wá lọ da kọnkéré sínú ihò náà, ẹ ti bà á jẹ́ sí i. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá àwọn lè rọ ìyẹ̀fun gẹdú sínú ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ikán Ìkòròdú.

Òrùlé ni kí n kọ́kọ́ ṣe ni àbí ògiri?

Bí ilé yín bá jẹ́ bọ́ńgálò, ẹ má tíì dárúkọ ògiri. Ìkòròdú wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí àárín orí wa gan-an lọ́sàn-án. Àwọn oṣù yòókù náà, kò jìnnà síbẹ̀. Páànù ló ń gba gbogbo ẹ̀ sára. Ẹ gun àjà lọ ní aago méjì ọ̀sán ní oṣù Kẹta, ẹ ò ní í pẹ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ooru àjà rí ọ̀nà jáde: kí wọ́n dá ojú ihò sí abẹ́ etí òrùlé níhà méjèèjì, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí àdán àti ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ́ fóòmù tàbí ohun ìdènà ooru mìíràn sórí síléènì. Ibi tí owó bá mọ, kí ẹ tò ó sórí yàrá tí AC wà nìkan.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òrùlé di ìṣòro ará òkè. Ògiri ni tiyín.

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí síléènì àtijọ́: bí ó bá jẹ́ àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ, ẹ má ṣe fi ayùn gé e, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Bí kò bá fọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ògiri wo ni kí n wọ̀ láṣọ? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni?

Rárá o. Ẹni tó bá ní kí ẹ wọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láṣọ ń ta fóòmù ni.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé oòrùn. Lọ́sàn-án gangan, ó wà lókè, etí òrùlé tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta lè ṣe ìbòòji fún ògiri àríwá àti ti gúúsù. Ní oṣù Kẹfà ó máa ń fì sí àríwá, ní oṣù Kejìlá ó máa ń fì sí gúúsù, síbẹ̀ ó ga tó kí etí òrùlé lè ká a mọ́. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà. Ìgbà yẹn, oòrùn ti wálẹ̀, ó ń wo ògiri lójú koroju, kò sí etí òrùlé tó lè bò ó. Ti ìlà-oòrùn sàn díẹ̀, torí pé ooru àárọ̀ ti jáde tán kí ẹ tó sùn. Ti ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀tá. Ọjọ́ ti gbóná láti àárọ̀, oòrùn tún wá lu ògiri yẹn fún wákàtí mẹ́ta gbáko, ó wá gbé e fún yín lóru.

Nítorí náà, ògiri ìwọ̀-oòrùn ti yàrá tí ẹ ń sùn, tí AC wà nínú rẹ̀. Ògiri kan. Bí ó bá pọ̀ jù, méjì.

Kí ló dínwó jù tí mo lè ṣe?

Ọ̀dà funfun. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú, torí ẹ fẹ́ kí n dárúkọ nǹkan ńlá. Àwọ̀ tó dúdú máa ń gba púpọ̀ jù lọ nínú oòrùn tó bá kàn án, ọ̀dà funfun tó mọ́ sì máa ń dá púpọ̀ jù lọ padà. Àwọn baba wa tó ń fi ẹfun kun ilé kò ka ìwé físíìsì kankan.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé funfun máa ń dọ̀tí. Eruku pupa Ìkòròdú á ta sí i nísàlẹ̀, ewé á hù sí i lókè níbi tí òjò ti ń ṣàn. Ẹ kun ẹsẹ̀ ògiri ní àwọ̀ eruku, bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè, kí ìyókù jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ wàrà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún bí òjò bá lọ. Ẹ ra ọ̀dà ìta o. Èyí tí wọ́n fi ń kun inú ilé á ti máa bó kí ọdún tó yípo.

Mo fẹ́ fi fóòmù sí ìta ògiri. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ wá bíríkìlà tó ní sùúrù. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sáré ṣe.

Ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì mọ́. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń bó, ẹ ha á kúrò. Fóòmù funfun oní-ínǹṣì méjì tó ki ni kí ẹ rà: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bó bá rọra wọlé tí hóró ẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Wọ́n á po gúlúù onísìmẹ́ǹtì bíi ti táìlì, wọ́n á fi í yí etí pátákó fóòmù náà ká, wọ́n á tún fi ìṣù díẹ̀ sí àárín. Wọ́n á tò ó bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí ojú ìpàdé má bára wọn dọ́gba. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi ìṣó ike olórí gbàǹgbà kàn án mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ́ ẹ: ìpele kan tín-ín-rín, wọ́n á tẹ nẹ́ẹ̀tì fáíbà mọ́ ọn lára nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á tún rẹ́ ìkejì lé e. Nẹ́ẹ̀tì yẹn ni kò ní í jẹ́ kó là. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀ kí owó lè ṣẹ́ kù. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá, ara ògiri náà ti dà bí ilẹ̀ tí ọ̀dá dá. Ìparí ẹ̀ ni ọ̀dà funfun.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí fóòmù kan ilẹ̀. Ẹ fi ínǹṣì mẹ́fà sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ lè máa rí i bí ikán bá ń gun ògiri. Ikán kì í jẹ fóòmù bí oúnjẹ, àmọ́ ó máa ń gbẹ́ ọ̀nà gba inú ẹ̀ kọjá lọ bá igi òrùlé, ẹ ò sì ní í mọ̀ títí òrùlé á fi tẹ̀. Eku náà fẹ́ràn ẹ̀, torí náà kí etí kankan má ṣí sílẹ̀.

Inú ilé ńkọ́? Ó rọrùn jù, kò sí pé à ń gun àkàbà.

Ohun tí mo sọ fún ara mi náà nìyẹn, lọ́dún tí mo ṣe é sí yàrá tèmi.

Mo lẹ fóòmù mọ́ inú ògiri, mo rẹ́ ẹ, mo kùn ún, ó dán. Oṣù Kẹta ni. AC mi ń mú yàrá tutù kíákíá, mo ń fi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́. Nígbà tó di oṣù Keje, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀. Ó ní yàrá wa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Mo ní kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀bẹ yọ ẹyọ kan: ẹ̀yìn fóòmù dúdú kirikiri, bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá, omi sì ń ṣàn lára búlọ́ọ̀kù. Gbogbo ẹ̀ ni mo ya dànù.

Ohun méjì ni mo ṣì ṣe. Ìkíní, ọ̀rinrin ti ń ti ìpìlẹ̀ gun ògiri náà tẹ́lẹ̀, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ dípò kí n wò ó sàn. Ìkejì ni èyí tí mo ní kí ẹ dúró dè. Nílẹ̀ olótùútù, inú ilé ló móoru tó sì lọ́rinrin jù, torí náà inú ni wọ́n ń ta ọ̀rá ìdènà omi sí. Níhìn-ín, ìta ló lọ́rinrin, yàrá AC ló tutù tó sì gbẹ. Ọ̀rinrin ń ti ìta wá inú. Bó bá kan nǹkan tútù tí kò jẹ́ kó kọjá, ó máa di omi níbẹ̀. Ẹ wo ara ìgò mínírà tútù bó ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Ògiri mi làágùn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, èmi ò mọ̀.

Fún òdodo, inú ilé ní àǹfààní kan. Ẹni tó ń tan AC lóru nìkan, tí ògiri rẹ̀ gbẹ pátápátá, á rí i pé yàrá ń tètè tutù, torí AC kò ní láti kọ́kọ́ mú búlọ́ọ̀kù tutù. Síbẹ̀, ìta ni mo fara mọ́. Fóòmù tó wà níta ń dá oòrùn dúró kó tó kan ògiri rárá.

Wọ́lpépà àti páálì PVC tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń dín ooru kù?

Ohun tí wọ́n ń dín kù ò tó nǹkan. Bí ẹ bá sì lẹ wọ́lpépà oníke mọ́ ògiri ìta nínú yàrá AC, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi náà lè ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó wà láàárín yàrá méjì, ó rẹwà níbẹ̀.

Bébà dídán bíi fàdákà tí wọ́n ń tà ńkọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹ bá lò ó bó ṣe yẹ. Ńṣe ni ara rẹ̀ tó ń dán máa ń dá ooru tó ń tàn padà, àmọ́ àyè afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú ojú dídán náà, bíi ínǹṣì kan. Lábẹ́ páànù, ó dára gan-an. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí wọ́n sì rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e, ẹ ti sin owó yín.

Mi ò ní AC. Ṣé kí n fi fóòmù sí ògiri?

Rárá. Ẹ kun ilé ní funfun, ẹ tọ́jú òrùlé, ẹ ṣe ìbòòji, ẹ jẹ́ kí fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè wọlé kó sì jáde. Ooru inú ilé yín, ti iná ìdáná, ti fíríìjì àti ti ara èèyàn fúnra ẹ̀, máa ń fẹ́ jáde náà; ẹni kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mú ooru tó nǹkan bíi wáàtì 100 jáde. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èló ni mo máa rí fi pamọ́?

Mi ò lè sọ láìwo ilé yín, ẹ má sì gba ẹni tó bá sọ ọ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà.

AC 1.5HP ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 1.1 ní wákàtí kan tí kọ̀npírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Ní oṣù Keje ọdún 2024, yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lọ lójúmọ́, jẹ́ ₦209.50. Wákàtí kan á jẹ́ nǹkan bíi ₦230. Wákàtí mẹ́jọ lóru, ₦1,840. Ọgbọ̀n òru, ó lé ní ₦55,000, fún yàrá kan ṣoṣo.

Kọ̀npírẹ́sọ̀ tí yàrá bá tutù fún yẹ kó máa sinmi. Ká ní ẹ ṣe ògiri tán, tó wá jẹ́ pé wákàtí márùn-ún péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́jọ: wákàtí mẹ́ta ẹ ti bọ́, nǹkan bíi ₦690 lóru kan, ₦20,700 lóṣù. Ẹ wá bi bíríkìlà iye tó máa gbà àti iye ohun èlò, ẹ fi 20,700 pín in, ẹ ó rí iye oṣù tí owó á fi padà sápò. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ kọ nọ́ńbà míítà sílẹ̀ ní alẹ́ àti ní àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ tún kọ ọ́. Míítà kì í purọ́ bíi ti àwa oníṣẹ́ ọwọ́.

Fún àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì oòrùn, èrè ibẹ̀ pọ̀ sí i, torí bátìrì kékeré lè gbé yín di òwúrọ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà míì: ní Ẹgbin lọ́hùn-ún, nítòsí Ìjẹdẹ, ní Ìkòròdú tiwa yìí, ni ilé iṣẹ́ iná tó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde wà, àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló tún ń ra epo sí jẹnẹ.

Ṣé fóòmù kò ní í gbiná?

Ó ń gbiná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó máa ń yọ́ kán sílẹ̀, èéfín ẹ̀ sì dúdú, ó léwu. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, nílé Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ògiri ilé gíga náà ló ran iná láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èèyàn 72 ló kú.

Ẹ béèrè fóòmù tí wọ́n fi oògùn pa iná sí. Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jáde síta, ẹ fi ìṣáná kàn án, ẹ yọ iná kúrò: ó yẹ kó kú fúnra ẹ̀. Bó bá ń jó lọ, ẹ má rà á. Kí sìmẹ́ǹtì bò ó pátápátá, kí ibì kan má ṣẹ́ kù. Ẹ má ṣe fi í sí ẹ̀yìn ògiri ibi ìdáná tàbí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tu èéfín sí.

Ṣé ìjọba Èkó kò ti fòfin de fóòmù?

Abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ni wọ́n dá dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Pátákó ilé kọ́ ni.

Ṣé ilé alámọ̀ àwọn baba wa kò sàn jù báyìí?

Lọ́sàn-án, ó sàn. Ẹ wọ ilé àtijọ́ kan tó ṣì dúró ní àárín ìlú ní aago méjì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ògiri ẹ̀ nípọn, ó máa ń pẹ́ gan-an kí ooru tó là á já, fèrèsé ẹ̀ kékeré, òrùlé ẹ̀ sì jẹ́ koríko tàbí ewé kí páànù tó dé, èyí tó ń dènà ooru dáadáa. Nígbà tí a fi páànù dípò ewé, tí a fi búlọ́ọ̀kù tín-ín-rín dípò amọ̀, tí a wá fẹ fèrèsé gbàràgàdà, AC di dandan. Mi ò ní kí ẹ padà sílé amọ̀ o, oúnjẹ mi ni AC. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé rárá.

Ṣé òfin kan wà tó ní ká ṣe é?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí bí ilé kò ṣe ní í máa fi iná ṣòfò. Fèrèsé, òrùlé, gílóòbù àti AC ni ó bá wí jù. Fún àpẹẹrẹ, kí fèrèsé má ju ìdá kan nínú márùn-ún ògiri lọ, àfi bí ìbòòji bá wà fún un. Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ dúró tì, wọn kò fi ògiri ni ẹnikẹ́ni lára. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn.

Ayálégbé ni mí. Lánlọ́ọ̀dù kò ní í gbà kí n lu ìṣó kan mọ́ ògiri ẹ̀.

Ẹ má náwó sí ilé onílé. Ẹ ra ẹní oparun tàbí nẹ́ẹ̀tì ìbòòji tí àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ ń lò, ẹ so ó mọ́ etí òrùlé níta kó ṣíjú oòrùn kúrò lára ògiri àti fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá ń kó lọ, ẹ ká a. Níta ni o. Kọ́tìnì tó nípọn dára, ṣùgbọ́n ooru ti la gíláàsì kọjá kó tó kan kọ́tìnì. Bí fèrèsé bá jẹ́ lúfà, tí ẹ sì ń tan AC, ẹ fi ọ̀rá dí ojú ẹ̀ pinpin. Ẹ fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Àtẹ́gùn tútù tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ẹ̀yin lẹ ń san owó ẹ̀.

Ẹ tún gbé ibùsùn kúrò lára ògiri ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ṣé kí n kàn ra AC tó tóbi jù ú lọ?

Mo ń ta AC, mo sì ní rárá. Kọ́kọ́ ṣe ògiri àti òrùlé, ẹ lè wá rí i pé 1HP tó fún yàrá tí 1.5HP ń làágùn nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo lè gbin nǹkan sẹ́yìn ògiri náà?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Igi fúrúǹtù ń ṣe ìbòòji tó dára, àmọ́ ó tóbi, gbòǹgbò ẹ̀ lágbára, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀. Dóńgóyárò náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá láyè tó pọ̀, kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ògiri. Ewé ẹ̀ fẹ̀, ó ń tètè dàgbà, gbòǹgbò ẹ̀ kì í fọ́ ìpìlẹ̀, ẹ ó sì jẹ dòdò.

Ìyá Ìbejì ti Ìgbógbó kò ra fóòmù kankan níkẹyìn. Wọ́n fi funfun pa kọfí rẹ́, wọ́n sì gbin àgbagbà mẹ́rin sẹ́yìn ògiri. Ìgbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ náà ni, AC ń dákẹ́ ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, àwọn ọmọ wà lórí ibùsùn wọn. Mo tún gbé ọwọ́ lé ògiri: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jó ọwọ́. Àgbagbà mẹ́ta ló kù. Ìkẹrin, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi gbà mí ní ìṣẹ́jú ogún kí n tó ráyè wo AC.